Ọjọ́ Tí Gọ́ọ̀mù Dọ̀bálẹ̀ ní Uwani

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí orúnkún yín máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu yín tó sọ. Ẹ jẹ́ kí a jókòó bí a ti máa ń jókòó láyé ọjọ́un, nígbà tí kò sí ohun tó ń tàn yanran ní àtẹ́lẹwọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé ọtí ni ìyá mi ní ní Uwani, nínú ìlú Énúgù, kò jìnnà sí ọjà Kenyatta. Mo rí àwọn tó ń mi orí. Ẹ má mi orí. Ìyá mi kò fi ọtí kan ahọ́n rí láyé rẹ̀, ó sì wà nínú àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí àwọn obìnrin ìjọ bá yọ ọ́ lẹ́nu, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọtí kò gbé ènìyàn mu rí, ènìyàn ló ń gbé ọtí mu." Yóò wá mú ìwé orin rẹ̀, yóò bá tirẹ̀ lọ.

Rélùwéè ló gbé bàbá mi dé Énúgù láti Ìkìrun, akọ̀wé ni níbẹ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ìyá mi ló ń sọ ti àwọn méjèèjì.

Àgbàlá ńlá kan ni ilé ọtí náà, igi máńgòrò kan wà láàárín rẹ̀, àwọn bẹ́ǹṣì onígi sì yí i ká. Lápá ọ̀tún ni pèpéle kékeré kan wà lábẹ́ páànù, níbi tí àwọn onígìtá ti máa ń kọrin háíláìfù ní ọ̀sán Sátidé. Lápá òsì ni ilé ìdáná, ibẹ̀ sì ni òórùn tí mi ò lè gbàgbé ti máa ń wá: orí ewúrẹ́ tó ń hó nínú ata, èèrù, ẹfinrin, àti ewé uziza tó máa ń ta ènìyàn nímú kó tó dé ẹnu. Òwúrọ̀ ni obìnrin kan máa ń gbé okpa wá, ó dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó pupa bí ìyeyè, ó gbóná débi pé a máa ń jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí a tó lè tú u. Àlejò tó bá wá láti ilẹ̀ wa yóò ní, "Ẹ fún mi ní mọ́ínmọ́ín yẹn." Ìyá mi kì í jiyàn. Yóò fún un, yóò dúró wò ó. Bí ó bá ti bu ún jẹ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yóò yí, yóò ní, "Kí lèyí?" Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni dáhùn, ó ti ń bu èkejì.

Iṣẹ́ tiwa ni fífọ ìgò. Háà! Ẹ̀yin tí ẹ fọ ìgò rí mọ ohun tí mò ń sọ. A ó da iyanrìn àti omi sínú rẹ̀, a ó máa mì í títí apá yóò fi kú. Ẹni tó bá fọ́ ìgò yóò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, yóò gbé apá méjèèjì sókè, yóò sì di ìgò mìíràn mú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè ronú dáadáa. Èrè tiwa ni ìdérí ìgò. A máa ń fi òkúta lù ú pẹlẹbẹ, a ó lu ihò sí i, a ó fi òwú kọjá nínú rẹ̀, bí a bá sì fà á, yóò máa dún fùù-fùù bí ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ balẹ̀ sí Uwani.

Ẹnìkan wà tó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò náà. Onílé wa ni, Pápá Ugwu ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ti wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, èédú sì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀ títí tó fi kú. Ọṣẹ kankan kò rí i yọ. Àpótí ìjókòó kan ló ní, tí wọ́n fi igi ìrókò gbẹ́, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jókòó lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, wọ́n máa ń yí i po ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé tí a sá lọ sílé ní Ìkìrun, Pápá Ugwu ló gbẹ́ ilẹ̀, ló sin ìkòkò irin ìyá mi sí i kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Nígbà tí ogun parí tí a padà, ó mú ṣọ́bìrì, ó hú ìkòkò náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, ó ní, "Ìyá, wo ìkòkò rẹ. Ebi ń pa mí."

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ nípa àlejò. Òfin kan wà nílé ọtí wa tí Pápá Ugwu àti ìyá mi jọ fi lélẹ̀. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti ìlú mìíràn bá wá bá ti Uwani gbá bọ́ọ̀lù, àgbàlá wa ni wọn yóò kọ́kọ́ jókòó sí, onílé kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kan ife kí àlejò tó mu. Ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, àwa ọmọdé ni a óò gbé àwọn bẹ́ǹṣì náà lé orí lọ sí pápá. Abẹ́ igi ni a óò tò wọ́n sí, àlejò ni yóò jókòó lé wọn, onílé yóò sì dúró nínú oòrùn. Ẹ gbọ́ ná, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí àwọn ọkùnrin Uwani tí òógùn ń dà lára wọn bí òjò, tí wọ́n ń wo ìbòji lọ́ọ̀ọ́kán, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì jẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ni gólì Uwani nígbà náà. Láyí ni orúkọ rẹ̀, Bọ̀dá Láyí ni mo ń pè é. Kò tíì rìn nígbà tí wọ́n pọ̀n ọ́n wá láti Ìkìrun, èdè Íbò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n sọ ọ́, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Bí Gọ́ọ̀mù bá ń kọjá lọ́jà Kenyatta, àwọn obìnrin aláta yóò máa jùwọ́ sí i. Ìyá mi kì í pe orúkọ rẹ̀ o, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. "Ọkọ mi" ló ń pè é, àní nígbà tó bá ń lé e kúrò nídìí ìkòkò ẹran. Òun náà á ní, "Ìyàwó, ẹyọ kan péré."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn kí lẹ́tà tó dé pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti Ìkìrun ń bọ̀ wá bá Uwani gbá bọ́ọ̀lù. Ìkìrun! Ìlú wa! Ìyá mi kọrin ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bàbá mi tí kì í sọ̀rọ̀ sọ pé, "Ó dára," ó sì tún un sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wọn dé, eruku ti sọ gbogbo wọn di ẹni pupa. Ẹni tó kọ́kọ́ fò sílẹ̀ ni Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù sílé fún wọn. Ẹlẹ́nu ni Múfú. Kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tán tó ti ń pariwo, "Láyí dà? Níbo ni gólì tó fẹ́ràn àti máa fò sínú iyanrìn wà? Mo bá a gbé iyanrìn wá láti ilé!" Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn Múfú ni Alága wọn wá sọ̀kalẹ̀, Alhájì kan tó ga bí àgbọn, agbádá funfun rẹ̀ ti di aláwọ̀ amọ̀.

Àgbàlá kún. Àwọn ọmọ Uwani wà lápá kan, àwọn àlejò wà lápá kan. Alhájì mu mínírà, àwọn yòókù mu ohun tó wù wọ́n. Àwọn onígìtá wà lórí pèpéle. Bí wọ́n ti máa ń ṣe fún gbogbo àlejò, wọ́n béèrè orúkọ ìlú wọn, wọ́n fi í sínú orin. Bí a ti gbọ́ "Ìkìrun" láàárín orin Íbò, ìyá mi sọ síbí dànù, ó jó jáde láti ilé ìdáná.

Pápá Ugwu wá ní kí n gbé obì wá. Mo gbé e wá nínú àwo igi. Ó gbà á, ó fi í han Alhájì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níhìn-ín ná, nítorí ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Íbò, bí onílé bá fi obì han àlejò, kí àlejò rí i ni, kó fọwọ́ kàn án, kó dá a padà. Onílé ló ń súre sí i, onílé ló sì ní kí a là á. Àwa tí a dàgbà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n bí a ti mọ ọ̀nà ilé wa. Àwa rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún Alhájì. Ní tirẹ̀, wọ́n gbé obì fún un, ó gba obì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní Yorùbá. Ó gbàdúrà fún Uwani pé wọn yóò ṣẹ́gun, ó gbàdúrà fún Ìkìrun pé wọn yóò ṣẹ́gun, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní ṣubú. Àwọn àlejò ń ṣe àmín. Àwọn onílé ń wo ara wọn. Ó la obì náà. Ó wá mú awẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ wa tí ó jẹ́ gólì wọn dà? Kó wá gbà kó jẹ, kó má baà rò pé ìjà la bá wá."

Bọ̀dá Láyí dìde. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàlagbà na ọwọ́ sí i, kí ni ọmọ Yorùbá ń ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhájì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ pupa yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba obì, ó jẹ ẹ́.

Gìtá dákẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Íbò kì í dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn. Ẹni tó bá fi àyà kanlẹ̀ níwájú ẹlòmíràn ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nìyẹn lójú tiwọn. Gólì Uwani ló wá sùn sílẹ̀ níwájú ọ̀gá àwọn tó fẹ́ bá a gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, tó tún gba obì lọ́wọ́ rẹ̀! Sunday Wẹ́dà dìde. Ọkùnrin yìí ni olórí àwọn tó ń pariwo fún Uwani ní pápá, iwájú ilé ọtí wa ni ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀ wà, gíláàsì dúdú tó fi ń jó irin wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo bí fìlà. Ó ní, "Ẹ rí i pẹ̀lú ojú yín? Ó ti sùn sílẹ̀ lónìí. Ọ̀la, ó ku kó ṣí ilẹ̀kùn!" Ó wá fi ìka tọ́ Bọ̀dá Láyí, ó pe ọ̀rọ̀ kan: "Sábò!"

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nígbà ogun, ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó ta àwọn ènìyàn rẹ̀ nìyẹn. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n etí kì í tètè gbàgbé. Mo rí ojú Bọ̀dá Láyí. Obì ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò lè gbé e mì, kò lè tu ú.

Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ní, "Ọkọ mi, ṣé o kò kàn lè tẹ orí ba díẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ìyàwó, àgbàlagbà ló na ọwọ́. Ṣé kí n dúró gbagidi bí òpó iná ni? Kí ni wọn yóò wí nílé?"

"Kí ni wọ́n sì ń wí níbí?"

Ó ti àwo oúnjẹ náà sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyàwó, bí wọn kò bá jẹ́ kí n ṣọ́ ilé lọ́la, mi ò ní lè gba ọjà Kenyatta kọjá mọ́. Níbo ni mo tún mọ̀?" Èmi tí mò ń to ìgò gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. Yàtọ̀ sí ìgbà ogun tó fi ṣe àlejò níbẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n ní Ìkìrun ju orúkọ lọ. Bí Uwani bá lé e, kò ní ìlú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a gbé bẹ́ǹṣì lé orí. Sunday Wẹ́dà dúró lójú ọ̀nà, ó ní àlejò kankan kò ní jókòó lónìí. Ìyá mi gba bẹ́ǹṣì kan lórí mi, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó sì rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òkúta ló wà níbẹ̀. Àwa náà tẹ̀ lé e. Ní pápá, Tíṣà tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Uwani ti bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá Láyí. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ̀rù àwọn èrò ló ń bà á. Ọmọkùnrin kan ló fẹ́ fi sípò rẹ̀, èyí tó máa ń di ojú bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni èrò pínyà. Pápá Ugwu ló ń bọ̀. Pápá Ugwu tí kì í kúrò lábẹ́ máńgòrò, òun ló ń rọra bọ̀ wá yẹn, ó gbé àpótí rẹ̀ há abíyá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rìn la àárín pápá kọjá, ó gbé àpótí kalẹ̀ sẹ́yìn ilé tí Uwani ń ṣọ́, ó jókòó. Ó wá sọ̀rọ̀ ní Íbò, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè:

"Ẹ gbé ọmọ mi padà síbẹ̀. Èmi yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù kan bá wọlé nítorí pé ó fẹ́ kó wọlé, èmi ni n óò kọ́kọ́ rí i. Bí mo bá sì rí i, Sunday, gbé àpótí bàbá mi yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o fi dá iná."

Ẹ̀yin mọ ohun tí àpótí bàbá jẹ́ fún ọkùnrin Íbò: ìjókòó olórí ilé ni, wọn kì í fi í ṣeré. Tíṣà dá ìbọ̀wọ́ padà.

Rẹfirí fọn fèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ pápá yẹn pupa, ó le, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí inú ẹ̀wà tí a kò ṣà. Kò pẹ́ tí Múfú gbá bọ́ọ̀lù kan jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù tí èmi gan-an lè mú. Bọ̀dá Láyí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e. Bọ́ọ̀lù kan òkúta, ó fò kọjá léjìká rẹ̀, ó wọlé. Góòlù! Àwọn Ìkìrun fò sókè lórí bẹ́ǹṣì wa. "Sábò! Sábò!" Ariwo yẹn gba gbogbo pápá. Sunday Wẹ́dà ti ń sáré bọ̀ wá gbé àpótí.

Pápá Ugwu dìde. Ó rọra rìn wọnú pápá, rẹfirí ń fọn fèrè sí i, kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta náà, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì fi lé Sunday lọ́wọ́. Ó ní, "Sábò náà rèé. Mú un lọ." Ó padà lọ jókòó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí a yè bọ́.

Uwani dá a padà nígbà tó yá, ó di ọ̀mì. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn òkè nígbà tí ọmọ Uwani kan fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù níwájú ilé, tí rẹfirí sì tọ́ka sílẹ̀. Pẹnárítì! Ta ni yóò gbá a? Múfú ni. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹnu rẹ̀ ní Yorùbá: "Láyí, ọmọ bàbá mi! Apá wo ni kí n gbà fún ọ? Sọ ọ́, kí n má baà ṣe ọ́ léṣe. Ìyá àgbà ń kí ọ o!"

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, bí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe láti ìgbà ogun tí wọ́n jọ wà ní Ìkìrun. Ṣùgbọ́n àwọn èrò kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n rí ọmọ ẹbí kan náà méjì tó ń sọ èdè ilé wọn lórí pẹnárítì. Ẹnì kan ké pé, "Wọ́n ń dúnàádúrà!" Ìyá mi bo ojú. Mo di aṣọ rẹ̀ mú.

Bọ̀dá Láyí na ara ró. Múfú kò gbọ́ Íbò rárá, ṣùgbọ́n Íbò ni ó fi dá a lóhùn, ó pariwo rẹ̀ tí àwọn tó wà lórí igi pàápàá fi gbọ́: "Gbaa ya!" Gbá a!

Múfú gbá a. Ó lágbára, ó sì lọ sílẹ̀ ní igun. Bọ̀dá Láyí fò, ó nà gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ pupa yẹn gbàà, eruku sì sọ. A kò rí nǹkan kan. Nígbà tí eruku balẹ̀, ó ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú bó ti nà án sí Alhájì, bọ́ọ̀lù sì lẹ̀ mọ́ ọn bí gọ́ọ̀mù.

Pápá Ugwu ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ṣé ẹ ti wá rí i? Bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Nǹkan kan kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá."

Rẹfirí fọn fèrè ìparí, Sunday Wẹ́dà sì wọ pápá, òkúta yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bọ́ gíláàsì dúdú kúrò lórí, ó rìn dé iwájú Bọ̀dá Láyí, ó sì gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ wà lókè, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ibùsùn. Múfú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń ké pé, "Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ dáadáa!" Àwọn ọmọ Uwani gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi ohùn tiwọn pè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i: Do! Ba! Le! Do! Ba! Le! Pẹ̀lú igbe yẹn ni wọ́n gbé Bọ̀dá Láyí lé èjìká dé ilé ọtí wa, àwa ọmọdé sì gbé bẹ́ǹṣì tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ obì fún Alhájì, ó di orí mú. "Ẹ̀yin ni ẹ gbé obì fún mi! Kí ni kí n fi ṣe? Kí n máa wò ó bí àwòrán?" Pápá Ugwu rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó fún Alhájì ní odidi obì kan tí a kò là, ó ní kó mú un lọ sílé, nítorí bí obì bá délé, á sọ ibi tó ti wá. Ìyá mi sì ní àdúrà Alhájì ló gbà: ẹgbẹ́ méjèèjì kò ṣubú. Orin "Dobale" ni àwọn onígìtá kọ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.

Ayé ti yí padà báyìí. Abakpa Nike, nínú Énúgù kan náà, ni mò ń gbé, nínú kẹ̀kẹ́ àti èrò. Tẹlifísàn ńlá ló wà nílé ọtí ìsinsìnyí, bọ́ọ̀lù òkè òkun ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń jà lórí àwọn tí kò mọ̀ pé Énúgù wà láyé. Orin ń ti inú àpótí dúdú jáde, kì í béèrè ìlú ẹnikẹ́ni. Ilé ìtajà ti jẹ apá kan pápá Uwani. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi kò bàjẹ́. Apá tó kù, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì rí i ní oṣù tó kọjá pé bẹ́ǹṣì àlejò ṣì wà lábẹ́ igi.

Gbogbo àwọn àgbà yẹn ti lọ. Ilé ọtí di ti Ngozi, ọmọ Sunday Wẹ́dà, tí ìyá mi kọ́ ní ọbẹ̀ sísè; bàbá rẹ̀ tọ́jú òkúta yẹn sórí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù títí ó fi kú, òun náà ni Ngozi fi ń dènà ilẹ̀kùn báyìí. Ìkòkò irin di tèmi. Àpótí ìrókò, Pápá Ugwu fi sílẹ̀ fún Bọ̀dá Láyí, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé e wá fún un. Ó jókòó lé e lábẹ́ máńgòrò yẹn títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ, àwọn ọmọ Pápá Ugwu kọ̀ láti gbà á padà. Wọ́n ní ibi tó wà náà, ilé ló wà.

Ìbọ̀wọ́ Bọ̀dá Láyí wá di ti Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Íbò, tí òun náà sì ń ṣọ́ ilé fún àwọn ọmọbìnrin Uwani. Yorùbá kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú pẹnárítì, ó sáré wá bá mi níbi tí mo jókòó sí láàárín àwọn àlejò, ó ní, "Màmá àgbà, gbogbo wọn ń pè mí ní Dobale. Èdè Íbò wo nìyẹn?"

Mo sọ fún un pé èdè wa ni. Mo sọ ìtàn yìí fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Mo wá fi kún un pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ wa, ó máa ń kúnlẹ̀ ni.

Ó wò mí, ó wo ilé tó ń ṣọ́, ó sì fa ìbọ̀wọ́ Bọ̀dá Láyí wọ ọwọ́ padà. "Màmá àgbà, tí mo bá kúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù á wọlé o."